Ẹ̀kọ́ Ìgbaninímọ̀ràn tí Mo Fi Lẹ́tà Kọ́ ní Onitsha

Ó lé ní ọdún méjì tí mo fi kọ́ bí ènìyàn ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Lẹ́tà ni wọ́n fi ń kọ́ mi láti ìlú Òyìnbó. Wọ́n á di ẹ̀kọ́ sínú àpò ìwé, wọ́n á fi ránṣẹ́, èmi náà á dáhùn ìbéèrè wọn, á fi ránṣẹ́ padà. Ní gbogbo àsìkò yẹn, ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ jù láyé ni ìyàwó mi, kò sì sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan tó wọ̀ mí létí. Ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rò ó fún yín, kí ẹ lè mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ èébú.

Bánkì ló gbé mi wá sí Onitsha, nígbà tí ogun ti parí tí ìlú sì ń tún ara rẹ̀ kọ́. Wọ́n ti sọ fún mi nílé pé owó epo ti dé, pé kò sí ibi tí kò dùn mọ́ ní Nàìjíríà. Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni ògiri. Ihò ọta ìbọn kún ara ilé tí mo gba yàrá sí, láti ìsàlẹ̀ títí dé abẹ́ òrùlé. Onílé mi, Pàpá Emeka, ọmọ ìlú Umunya tó ń ta sìmẹ́ǹtì ní Bridge Head lẹ́bàá afárá, rí i pé mò ń wò wọ́n. Ó rẹ́rìn-ín, ó ti ìka bọ inú ọ̀kan nínú wọn.

"Oga, no fear. Na so breeze dey take enter well well."

Àṣé kì í ṣe àwàdà. Ó fi kún owó ilé nítorí atẹ́gùn yẹn.

Òòlù ni mo fi ń jí. Níbikíbi tí ènìyàn bá yíjú sí, sìmẹ́ǹtì ni, pákó ni, páànù tuntun ni. Ẹni tí ogun jó ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ méjì ń kọ́ mẹ́ta. Aládùúgbò mi kan ra ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán nígbà tí iná kò tíì dé òpópónà wa. Ó gbé e sí pálọ̀, ó fi aṣọ léèsì bò ó, ó gbé òdòdó oníke lé e lórí, ó sì ń pe àlejò wá wò ó. Èmi náà lọ. Mo jókòó níwájú aṣọ léèsì fún wákàtí kan, wọ́n fún mi ní bíà, mo kí wọn kú oríire.

Ohun tó ń dùn mí, tí n kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni, ni pé àárò ń sọ mí. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti sin òbí, wọ́n ti sin ọmọ, wọ́n ti fi ẹsẹ̀ rìn dé ibi tí wọn ò mọ orúkọ rẹ̀, wọ́n padà, wọ́n ń po sìmẹ́ǹtì. Èmi tí ìbọn kankan kò dún nílùú mi, èmi ni mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí mò ń káàánú ara mi nítorí pé kò sí ẹni tí yóò sọ fún mi pé "ẹ kú ìrọ̀lẹ́". Ní bánkì, Mister ni mí. Lọ́jà, "Yoruba" ni wọ́n ń pè mí, bí ẹni pé ìyá mi ló sọ mí bẹ́ẹ̀. "Yoruba, come buy now!" Nígbà tí mo lọ sílé lọ́dún Kérésìmesì àkọ́kọ́, àwọn ará Iléṣà náà ní, "Ará Onitsha ti dé!" Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ronú pé bóyá orí afárá ni wọ́n fi mí sí, pé kò sí etí odò kankan tó fẹ́ gbà mí.

Inú ìwé ìròyìn àtijọ́ kan, èyí tí wọ́n fi di ẹ̀pà fún mi, ni mo ti rí ìpolówó náà. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìlú Òyìnbó ní òun lè sọ ènìyàn di amòye nípa ọkàn ẹ̀dá láìjẹ́ pé ó dìde lórí àga ilé rẹ̀. Mo jẹ ẹ̀pà náà tán, mo tún un kà. Mo sọ fún ara mi pé ìbànújẹ́ pọ̀ nílùú yìí, pé ó yẹ kí ẹnì kan ran àwọn ènìyàn lọ́wọ́. Òótọ́ ni. Òótọ́ mìíràn ni pé wọ́n ní ẹni tó bá yege yóò máa kọ lẹ́tà mẹ́rin sẹ́yìn orúkọ rẹ̀. Ọ̀gá mi ní bánkì ní mẹ́ta.

Ẹ̀kọ́ ìgbaninímọ̀ràn ni wọ́n pè é. Òfin kìíní tó wà nínú rẹ̀ ni pé ènìyàn kò gbọdọ̀ gbani nímọ̀ràn. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo rò pé àṣìtẹ̀ ni. Kì í ṣe àṣìtẹ̀. Wọ́n ní oníbàárà ló ni ọ̀rọ̀ rẹ̀, òun náà ló sì ni ojútùú rẹ̀. Iṣẹ́ agbaninímọ̀ràn ni láti jókòó, kí ó fetí sílẹ̀, kí ó máa tún ohun tí oníbàárà sọ sọ fún un, kí oníbàárà lè gbọ́ ara rẹ̀. Bí wọ́n bá bi í pé kí ni kí àwọn ṣe, kí ó bi wọ́n pé kí ni àwọn fúnra wọn rò. Tíṣà mi, obìnrin Òyìnbó kan tí n kò fojú rí rí, a máa fi yíǹkì aláwọ̀ ewé kọ ọ̀rọ̀ sí etí iṣẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ kọ sí mi ni pé, "O ń sọ̀rọ̀ jù."

Wọ́n ní kí n wá oníbàárà. Mo ra tíì, mo ra mílíìkì àti súgà, mo gbé àga méjì kojú ara wọn nínú yàrá mi. Pàpá Emeka ló kọ́kọ́ dé. Ó wo mílíìkì, ó jókòó.

"My first son no dey hear word," ló wí. "I say make e come shop, e say e wan play football."

Mo tẹ orí síwájú bí ìwé ṣe ní kí n tẹ̀ ẹ́. "You dey feel say your son no dey hear word."

Ó gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀. "Na wetin I talk."

"Na wetin you talk," ni mo wí.

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó sún mọ́ mi, àánú mi hàn lójú rẹ̀. "Oga, since when this ear start? My brother wife get one medicine for her house for Okpoko."

Ó tún padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó mú òróró etí dání. Mo kọ ọ́ sínú ìròyìn mi pé oníbàárà ti ń fọkàn tán mi.

Ìyá Dèbórà ni èyí tó le. Oníṣòwò aṣọ ni, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀kan nínú àwọn Yorùbá tó ti wà ní Onitsha kí ogun tó dé, tó sá, tó sì padà. Ó ń sọ Ìgbò bí ẹni tí wọ́n bí sí i. Ọmọ rẹ̀, Dèbórà, kò fẹ́ẹ̀ sọ Yorùbá mọ́. Bí ìyá bá pè é ní Yorùbá, Ìgbò ni yóò fi jẹ́. Ìyá Dèbórà ló sọ ara rẹ̀ di ìyá mi ní ìlú yẹn. Bí a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, yóò gbé abọ́ ẹ̀wà wá fún mi, yóò sì jókòó kí ó lè rí i pé mo jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó ń sọ fún mi nípa obìnrin kan tí wọ́n jọ ń tajà, tó ń ba òun lórúkọ jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà òun.

"Ó ń dùn mí," ló wí. "Èmi tí mo fún un ní ìgàn aṣọ mẹ́wàá nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé."

Mo tẹ orí síwájú. "Ó ń dùn yín. Ẹ̀yin tí ẹ fún un ní ìgàn aṣọ mẹ́wàá nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé."

"Kí lo wí?"

"Ẹ fẹ́ mọ ohun tí mo wí."

Ó dìde. Ó gba abọ́ ẹ̀wà lọ́wọ́ mi, àti ṣíbí. "Èmi ni ò ń sín jẹ? Ìyá rẹ kò ha jù mí lọ! Ṣé ohun tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí ọ láti ìlú Òyìnbó nìyẹn, pé kí o máa sín àgbàlagbà jẹ?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. Ẹnikẹ́ni tí Yorùbá bá tọ́ ti mọ̀ láti kékeré pé ẹni tó bá ń tún ọ̀rọ̀ àgbà sọ lójú àgbà, àbàrá ló ń wá. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n mo ti san owó ẹ̀kọ́ láti gbàgbé rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni n kò fi rí ẹ̀wà jẹ, títí mo fi lọ bẹ̀ ẹ́ ní ìsọ̀ rẹ̀ lójú gbogbo ọjà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ìyàwó mi. Bọ́sẹ̀ lorúkọ rẹ̀, tíṣà ni ní Iléṣà. Nígbà tí bánkì gbé mi wá, ọmọ wa, Fúnmi, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá ni. Mo sọ fún Bọ́sẹ̀ pé kí n kọ́kọ́ lọ fẹsẹ̀ múlẹ̀, pé ìlú náà kò tíì ṣeé gbé ọmọ dé. Òótọ́ ni mo sọ nígbà náà. A wá fẹnu kò pé ní gbogbo Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, yóò dúró ní ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wọn ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀, nítorí ibẹ̀ ni tẹlifóònù wà, èmi náà á lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Onitsha láti pè é. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n ń fún ènìyàn. Ìkíni máa ń jẹ ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ nínú rẹ̀, nítorí kò sí bí a ṣe lè má bèèrè àlàáfíà màmá mi, ti bàbá rẹ̀, àti ti ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó jókòó tì í.

"Bàbá Fúnmi," ló wí lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìkíni, "ṣé kọ̀ǹga wà nínú ọgbà yín?"

"Ó wà."

"Ṣé omi rẹ̀ ṣeé mu?"

Mo fẹ́ sọ pé omi náà dùn, pé Pàpá Emeka ti bu òògùn sí i. Mo rántí yíǹkì aláwọ̀ ewé. "Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ omi ń jẹ ọ́ lọ́kàn," ni mo wí.

"Rárá o. Mo kàn ní kí n bèèrè ni."

Ní oṣù kejì, ó bèèrè bóyá irú wà lọ́jà Onitsha. Ní oṣù kẹta, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ilé-ìwé ọmọdé wà nítòsí ilé mi. Ó tún bèèrè ọ̀rọ̀ ilé-ìwé náà nínú lẹ́tà. Nígbà kọ̀ọ̀kan, èmi agbaninímọ̀ràn a máa bi í pé, "Kí ni ìwọ fúnra rẹ rò nípa rẹ̀?" Bí ó bá ní òun kò mọ̀, inú mi á dùn, nítorí ìwé sọ pé ibẹ̀ gan-an ni ọkàn ti ń ṣí sílẹ̀.

Ó wá kan iṣẹ́ tó tóbi jù nínú ẹ̀kọ́ náà. Wọ́n ní kí n tẹ̀lé oníbàárà kan ṣoṣo fún oṣù mẹ́fà, kí n máa kọ gbogbo ohun tó bá sọ. Ta ni yóò wá sọ́dọ̀ mi fún oṣù mẹ́fà? Mílíìkì ti gbówó lórí, Pàpá Emeka sì ti fi mí sílẹ̀ fún Ọlọ́run àti òróró etí. Mo ronú, mo rí i pé ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá mi sọ̀rọ̀ lóṣooṣù láìyẹ̀. Mo pa orúkọ rẹ̀ dà, mo pè é ní Oníbàárà B. Mo kọ ọ́ pé, "Ọkọ Oníbàárà B. ń gbé ní ìlú kan létí odò. Ẹ̀rù omi ń ba obìnrin náà. Ó ṣeé ṣe kí nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ sí i nígbà èwe rẹ̀." Tíṣà mi dáhùn pé, "Ó dára gan-an. Tọ ipasẹ̀ ọ̀rọ̀ omi yìí."

Mo tọ̀ ọ́. Mo bi Bọ́sẹ̀ lórí fóònù bóyá ó bọ́ sódò rí nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó ní ṣé mo ti jẹun.

Ní ọdún kejì, n kò lọ sílé fún Kérésìmesì. Ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, mo sì fi ìsinmi mi kàwé. Mo kọ̀wé sí Bọ́sẹ̀ pé mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí èyí mú oríṣiríṣi èrò wá sí i lọ́kàn, pé kí ó má bẹ̀rù láti sọ wọ́n. Kò sọ ọ̀kankan. Ó fi àkàrà gbígbẹ ránṣẹ́ sí mi nípasẹ̀ awakọ̀ kan.

Ẹ má rò pé ayé mi burú tán nígbà yẹn. Mo ti ń ná ọjà ní Ìgbò. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dá ẹja ná tí obìnrin ẹlẹ́ja náà sì rẹ́rìn-ín, tó ní "Yoruba, ị nwalala!", tó túmọ̀ sí pé mo gbìyànjú, mo gbé ẹja náà gba ibi tí gbogbo àdúgbò yóò ti rí mi. Ìyàwó Pàpá Emeka ti ń pè mí ní nwanne, ìyẹn ni pé ọmọ ìyá. Mo ń gba máàkì tó dára láti ìlú Òyìnbó. Bí ènìyàn bá ń rí irú àwọn ìṣẹ́gun kéékèèké bẹ́ẹ̀, kì í tètè mọ̀ pé ohun ńlá kan ń bọ́ lọ́wọ́ òun.

Lẹ́tà Bọ́sẹ̀ dé lọ́jọ́ Ẹtì kan, ó kúrú. Wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ṣakí. Bí ó bá gbà, ọdún mẹ́ta ni, wọn yóò sì fún un ní ilé. Wọ́n ní kí ó dáhùn kí oṣù tó parí. Ó parí lẹ́tà náà pé, "Bàbá Fúnmi, kí ni kí n sọ fún wọn?"

Mo gbé lẹ́tà náà lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì tí í ṣe Sátidé àkọ́kọ́. Ṣakí jìnnà sí Onitsha ju bí Iléṣà ṣe jìnnà lọ. Mo fẹ́ sọ pé kí ó má lọ. Àmọ́ oṣù kẹfà nìyí tí mò ń tẹ̀lé Oníbàárà B., ìwé sì ti sọ pé ibi tí agbaninímọ̀ràn tí kò dáńgájíá ti máa ń bàjẹ́ nìyẹn, níbi tí oníbàárà bá ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kí ó pinnu fún òun.

"Ìpinnu náà wà lọ́wọ́ rẹ," ni mo wí.

"Ọwọ́ mi?"

"Ọwọ́ rẹ ló wà."

"Ó dáa," ló wí. Ó gbé fóònù sílẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta kò tíì pé. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Mo fi ìròyìn náà ránṣẹ́. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí èsì fi dé, yíǹkì aláwọ̀ ewé kún ojú ìwé méjèèjì. Tíṣà mi ní nínú gbogbo ọdún tí òun ti ń kọ́ni, òun kò tíì rí akẹ́kọ̀ọ́ tó kó ara rẹ̀ níjàánu tó bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn débi pé n kò lè pa á mọ́ra. Ìyá Dèbórà gbé ẹ̀wà wá lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn, mo sì túmọ̀ ìròyìn náà fún un láti òkè dé ilẹ̀, àti oríyìn tíṣà. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Àṣírí oníbàárà ni.

Ó tẹ́tí sílẹ̀, kò já lu ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí mo parí, ó bi mí pé, "Obìnrin yìí bèèrè kọ̀ǹga?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Ẹ̀rù omi ń bà á."

"Ó bèèrè irú."

"Ó bèèrè irú."

"Ó sì bèèrè ilé-ìwé tí ọmọ yóò lọ."

"Ẹ̀ẹ̀mejì."

Ìyá Dèbórà bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá fi etí ìró nu ojú, ẹ̀rín sì tán lójú rẹ̀ pátápátá. "Ọmọ mi, ẹni tó bá ń bèèrè omi, tó ń bèèrè irú, tó ń bèèrè ilé-ìwé, ẹrù ló ń dì. Ìyàwó rẹ ti ń di ẹrù láti ọdún tó kọjá. Ìwọ ni kò pè é."

Mo ní n kò sọ pé ìyàwó mi ni. Ó ní kí n panu mọ́.

"Kí ló dé tí kò sọ pé òun fẹ́ wá?" ni mo bèèrè.

"Kí ó sọ ọ́ báwo? Kí ọmọ ilé rere gbé ẹrù karí, kí ó máa bọ̀ wá bá ọkọ tí kò ránṣẹ́ pè é? Kí àwọn ìyá ọkọ rẹ̀ ní kí ló ń kán an lójú? Kí ó wá bá obìnrin mìíràn nínú ilé?"

"Màmá, kò sí obìnrin mìíràn!"

"Ta ló sọ fún un?" Ó ń wò mí. "Nígbà tí ogun parí, bàbá Dèbórà ṣáájú mi wá síbí. Ilé kò ní òrùlé, ọjà ti jóná. Ó rán àbúrò rẹ̀ wá mú mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní kí n máa bọ̀. Àwọn ènìyàn mi ní orí mi ti dàrú tí mo bá wá. Mo wá, nítorí pé ó ní kí n wá. Ìwọ ń bi ìyàwó rẹ pé kí ló rò! Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

N kò lè jẹ ẹ̀wà náà. Mo jókòó ti oríyìn mi, ojú tì mí. Ọkùnrin tó ń pa ẹnu mọ́ lójú aya rẹ̀, ìlú Òyìnbó ló ń yìn ín. Nílé wa, òmùgọ̀ ni à bá pè é lọ́fẹ̀ẹ́.

Oṣù ku ọjọ́ mẹ́jọ. Mo fi wáyà ránṣẹ́ sí Bọ́sẹ̀ pé kí ó dúró ti fóònù ní Sátidé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe Sátidé wa. N kò mọ̀ bóyá yóò dúró. Ìyá Dèbórà ti ìsọ̀ rẹ̀, ó tẹ̀lé mi. Ilé ìfìwéránṣẹ́ kún fún àwọn oníṣòwò tó ń pe Èkó nítorí ẹrù tó há ní èbúté. Nígbà tó kàn wá, obìnrin tó ń so wáyà pariwo, "Ilesha! Three minutes!"

"Hẹ̀lóò." Bọ́sẹ̀ ni. Kò pè mí ní Bàbá Fúnmi.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí i. Mo bèèrè màmá mi, mo bèèrè bàbá rẹ̀. Ó ń dáhùn ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo bá wá, ẹnu mi là, ẹ gbọ́ ohun tó jáde: "Ó dà bí ẹni pé inú ń bí ọ."

"Ọ̀gá wa fẹ́ lo fóònù wọn," ló wí.

Ìyá Dèbórà gbá mi lẹ́yìn. Kì í ṣe eré.

"Máa bọ̀," ni mo wí.

"N kò gbọ́. Kí lẹ wí?"

"Mo ní kí o máa bọ̀!" Wáyà ń hó, n kò gbọ́ ara mi. Mo pariwo. "Má lọ sí Ṣakí! Kó ẹrù rẹ, gbé ọmọ, máa bọ̀ ní Onitsha! Kọ̀ǹga wà! Irú wà! Kò sí obìnrin kankan níbí! Mo fẹ́ kí o wá! Bọ́sẹ̀, mo ní máa bọ̀!"

Àwọn oníṣòwò gbàgbé Èkó. Ọkùnrin kan tó dì mọ́ ìwé ẹrù rẹ̀ bèèrè jẹ́jẹ́ pé, "Oga, wetin she talk?"

Mo ń gbọ́ èémí Bọ́sẹ̀ nínú fóònù. Mo gbọ́ ìgbà tó fa imú.

"Ta ni yóò wá mú wa?" ló wí, wáyà sì já.

"Time up," ni obìnrin oníwáyà wí. Ó yọ ojú láti inú fèrèsé rẹ̀, ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Madam don agree. Oga, go buy bigger bed."

Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Ìyá Dèbórà ń tún gèlè rẹ̀ wé. Ó ní lọ́jọ́ Ajé òun ń lọ ra aṣọ ní Ìbàdàn, pé Iléṣà kò jìnnà sí ọ̀nà òun.

Mo kọ òótọ́ sínú ìròyìn ìparí mi, pé mo sọ fún oníbàárà ohun tí mo fẹ́ kí ó ṣe, pé mo sì pariwo. Lọ́tẹ̀ yìí, yíǹkì pupa ni tíṣà mi lò. Ó ní mo ti ba iṣẹ́ oṣù mẹ́fà jẹ́, pé kí n tún apá náà ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú oníbàárà mìíràn. Mo tún un ṣe nígbà tó yá, pẹ̀lú Pàpá Emeka, mo sì gba ìwé ẹ̀rí náà pẹ̀lú máàkì tó kéré jù. Mo ń kọ lẹ́tà mẹ́rin sẹ́yìn orúkọ mi títí di òní. Kò sí ẹni tó bi mí rí pé kí ni wọ́n dúró fún.

Ọ̀sán ni wọ́n dé, ní gáréèjì Bridge Head. Mo ti wà níbẹ̀ láti òwúrọ̀, mo wọ aṣọ tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ìyá Dèbórà ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù aṣọ, lẹ́yìn náà Bọ́sẹ̀. Ó ti rù. Ó kúnlẹ̀ kí mi, mo fà á dìde. Ọmọbìnrin kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀, ó di ìró rẹ̀ mú. Ó wọ bàtà, wọ́n di irun rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí mo kúrò nílé lẹ́yìn Kérésìmesì àkọ́kọ́ yẹn, kò tíì lè rìn dé ẹnu ọ̀nà.

Mo lóṣòó níwájú rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti máa kí àlejò.

"Ẹ káàsán, sà."

"Fúnmi," ni mo wí. "Níbo lẹ ń lọ?"

"Onitsha. Lọ́dọ̀ bàbá mi."

"Onitsha nìyí. Ẹ ti dé."

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó na ọrùn wo ẹ̀yìn mi, níbi tí àwọn ọkọ̀ wà. Ó wá gbé ojú sókè sí mi, ó fi ọ̀wọ̀ bi mí, bí ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ṣe ń bi àgbàlagbà tí kò mọ̀ rí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, bàbá mi wá dà?"